Ọdẹ́rìndé àti Àwọn Ọmọ Ilé Ìgbóná

Ẹ jẹ́ kí n na ẹsẹ̀ tó ń ro mí yìí kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin ará ilé mi. Ẹni tí ikọ́ bá ń yọ lẹ́nu, kó tètè wú u báyìí, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni já lù mí láàárín rẹ̀. Èmi Àkànní ọmọ Ògúnwọlú tí ẹ ń wò yìí, mo ti fi ọwọ́ lásán fa ẹfọ̀n yọ nínú ẹrẹ̀ rí. Mo ti bá iwin jẹun nínú àwo kan náà, mo sì jẹ ẹran inú ọbẹ̀ tán kó tó ṣẹ́jú. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ bi ìyàwó mi. Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ti ọ̀gá mi ni, Ọdẹ́rìndé, ẹni tó kọ́ mi ní iṣẹ́ ọdẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi, ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ń mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Ọdẹ́rìndé bí, Ọdẹ́bùnmi lorúkọ rẹ̀. Ọdẹ́bùnmi ti bímọ mẹ́ta rí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì kú kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n rá. Nígbà tó lóyún ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, oṣù keje ni ọmọ náà jáde. Obìnrin ni. Ó kéré débi pé nígbà tí wọ́n gbé e lé bàbá àgbà lọ́wọ́, àtẹ́lẹwọ́ kan ṣoṣo ló gbà á, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì kọjá ọrùn ọwọ́ ọdẹ. Ìyá rẹ̀ kò dúró de ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ojú ẹsẹ̀ ló pè é ní Málọmọ́.

Agbẹ̀bí fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó tutù bí inú àmù. Ó ní, “Bàbá ọdẹ, oṣù méjì ló kù kí èyí tó pé. Ibi tó ti wá, ó gbóná tọ̀sán-tòru, kò sì dín. Tí ẹ bá rí ibi tó rí bẹ́ẹ̀ gbé e sí fún oṣù méjì, yóò yè. Tí ẹ ò bá rí i, mi ò ní tàn yín jẹ.”

Wọ́n dá iná igi sínú yàrá, èéfín fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí ọmọ. Wọ́n fi aṣọ wé e ní ìgbà méje, ó ṣì ń gbọ̀n. Nígbà náà ni Ọdẹ́rìndé rántí ọ̀rọ̀ kan tó gbọ́ lẹ́nu àwọn ọdẹ òkè odò, pé ìlú kan wà lẹ́yìn Igbó Ajẹ́jìji tí wọ́n ń pè ní Ìlú Ìtànṣán, pé ilé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń tọ́jú àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé sínú apẹ̀rẹ̀ dígí títí oṣù wọn yóò fi pé. Ó gbé ìbọn rẹ̀, ó gbé àpò rẹ̀. Ọdẹ́bùnmi di ọmọ mọ́ àyà, ó fi ìró bò ó.

“Ara rẹ kò tíì le, Ọdẹ́bùnmi.”

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ.”

Wọ́n lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó níbi yìí, ẹ kò tíì rí igbó. Igbó Ajẹ́jìji, òjìji èèyàn ni àwọn iwin ibẹ̀ ń jẹ. Wọ́n kúrú bí òkìtì ọ̀gán, orúnkún ni ẹnu wọn wà, tí wọ́n bá sì ti lá òjìji rẹ lẹ́ẹ̀kan, òtútù á wọ egungun rẹ bí ẹni tí wọ́n rì sínú odò. Bí wọ́n ṣe rí ọmọ tuntun, ńṣe ni wọ́n ń rọ́ bọ̀ láti ìdí gbogbo igi. Ọdẹ́rìndé fa ọmọbìnrin rẹ̀ wọ inú òjìji ara rẹ̀, ó ní kó máa gbé ẹsẹ̀ níbi tí òun bá gbé ẹsẹ̀. Àwọn iwin bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ òjìji ọdẹ. Wọ́n jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n jẹ ìbàdí, wọ́n dé àyà. Eyín ọ̀gá mi ń lu ara wọn. Ló bá ki ọwọ́ bọ àpò, ó bu ata gígún, ó sì fọ́n ọn sórí ìyókù òjìji rẹ̀. Há! Iwin tó kọ́kọ́ lá a sín, ó sín, ó sín títí orúnkún rẹ̀ méjèèjì fi wú. Àwọn yòókù fẹsẹ̀ fẹ. Èmi ni mo gún ata yẹn fún un, kẹ́ ẹ mọ̀.

Ní òpin igbó, iwin kan jókòó sójú ọ̀nà, etí rẹ̀ gùn dé ilẹ̀, ó fi ọ̀kan ṣe ẹní, ó fi èkejì bora. Ó ní, “Ẹni tó bá ń lọ sí Ìlú Ìtànṣán á dá mi lóhùn. Àlejò kan ń wá sílé yín lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé ẹ pè é. Ìgbà tí ẹ ṣì ń fẹ́ ẹ ló máa ń lọ. Ẹ bẹ̀ ẹ́ títí, kò ní dúró. Ta ni?”

Ọdẹ́bùnmi ló dáhùn. “Oòrùn ni, bàbá.”

Iwin mi orí. “Arúgbó kan jókòó sínú ilé. Kò sùn rí, ara rẹ̀ sì ń gbóná láti ayé baba ńlá yín. Ẹ tọ́jú rẹ̀, á tọ́jú yín. Ẹ fi ṣeré, á pa yín. Ta ni?”

Wọ́n wo ara wọn. Wọn kò mọ̀ ọ́n.

Iwin rẹ́rìn-ín títí etí rẹ̀ fi ń gbọ̀n. “Ẹ máa kọjá. Àwọn tí ẹ ń lọ bá mọ ìdáhùn rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n láti pè é lórúkọ.”

Bí wọ́n ṣe jáde sí gbangba, ìmọ́lẹ̀ gbá wọn lójú débi tí Ọdẹ́rìndé fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú rẹ̀. Gbogbo òrùlé ìlú náà ni dígí, irú dígí dúdú tí ẹ̀yin náà ti ń rí lórí ilé àwọn èèyàn báyìí tí wọ́n ń pè ní sólà. Dígí wà lórí ògiri. Dígí wà lórí igi. Ó wo oko, ibi tó yẹ kí ebè iṣu wà, dígí ló tò lọ salalu bí ẹni tẹ́ ẹní fún òmìrán. Ó rí ọkùnrin kan tó ń fi aṣọ nu eruku kúrò lára wọn.

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Níbo lẹ wá ń gbin iṣu sí?”

“Ìlú kejì ló ń ru iṣu wá fún wa,” ni ọkùnrin náà wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Àwa, oòrùn là ń gbìn.”

Olóyè Láníyọnu, ẹni tí ọba fi ṣe olórí ọ̀rọ̀ iná nílùú náà, ló wá pàdé wọn. Ọkùnrin rọ̀bọ̀tọ̀ ni, ohùn rẹ̀ dùn, ó sì fẹ́ràn àlejò. Ó ní Kábíyèsí Onítànṣán ti pàṣẹ pé iná ọ̀run nìkan ni ìlú yóò máa lò, iná tí kò léèéfín, tí kò léérú, tí kò sì lè pa ẹnikẹ́ni. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kan dígí mọ́lé, ààfin ló ń bá a san ìdajì owó rẹ̀, àti pé láti ìlú mẹ́rìndínlógún ni àwọn ọba ti wá wò ó. Ọdẹ́rìndé gba gbogbo rẹ̀ gbọ́. Kí ni kò ní gbà gbọ́? Ìlú tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀, kò rí irú rẹ̀ rí.

Wọ́n dé Ilé Ìgbóná. Obìnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀ ń jẹ́ Mopélọ́lá, ọ̀dọ́ ni, ojú rẹ̀ sì pupa bí ẹni tí kì í sùn. Ọmọ mẹ́wàá ló dùbúlẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ dígí, ooru ń tú jáde lábẹ́ wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Málọmọ́ ló ṣe ìkọkànlá. Kò tíì tó ìṣẹ́jú mélòó kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi yí padà, ó kúrò ní àwọ̀ eérú, ó di pupa. Ó yán. Ọdẹ́bùnmi wó sílẹ̀ níbi tó dúró sí, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá mi sọ fún mi pé òun jáde síta láti lọ wo ìbọn òun. Irọ́ ni. Ó jáde lọ sunkún ni.

Ọjọ́ mẹ́fà kọjá. Ní ọjọ́ keje, òjò ṣú.

Mopélọ́lá dúró lójú fèrèsé, ó ń wo ojú ọ̀run bí ẹni ń wo ìjà. Ìkòkò ńláńlá mẹ́rin wà lẹ́yìn ilé, àwọn ni wọ́n ń kó agbára oòrùn pamọ́ sí, bí ẹ̀yin ṣe ń ṣe pẹ̀lú bátìrì. Ó ní, “Tí òjò bá rọ̀ ní ọjọ́ kan, inú ìkòkò la ó máa lò. Tó bá di ọjọ́ kejì, a ó dín in kù.”

Ọdẹ́bùnmi ní, “Tó bá di ọjọ́ kẹta ńkọ́, àǹtí?”

Mopélọ́lá jáde lọ fọwọ́ wo àwọn ìkòkò ẹ̀yìn ilé.

Òjò náà rọ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ó rọ̀ ní ọjọ́ kejì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ooru abẹ́ apẹ̀rẹ̀ ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mopélọ́lá ránṣẹ́ sí ààfin. Olóyè Láníyọnu fèsì pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀, Kábíyèsí ti pàṣẹ kí wọ́n kan dígí ọgọ́rùn-ún méjì sí i. Mopélọ́lá ka iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì sétígbọ̀ọ́ gbogbo wọn, òjò ń lu dígí òrùlé. Dígí ọgọ́rùn-ún méjì! Sínú òjò!

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ìkòkò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣófo. Àwọn ìyá yọ ọmọ wọn kúrò nínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n tú àyà wọn sílẹ̀, wọ́n gbé ọmọ lé e, wọ́n sì ṣùrù mọ́ra lórí ẹní kan. Láàárín wọn ni Ìbídùn wà, ìyàwó ọkùnrin tó ń nu dígí lóko. Ọmọkùnrin ni tirẹ̀. Ọdẹ́rìndé rí i tó ń fọwọ́ ra ẹ̀yìn ọmọ náà, ó ń rà á, ó ń rà á. Nígbà tó pẹ́, Mopélọ́lá kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ó ti tó, Ìbídùn.”

“Ó ń sùn ni.”

“Ìbídùn, ó ti tó.”

Ọ̀gá mi, ẹni tó ti yọ ọfà kúrò nínú itan ara rẹ̀ láìké, ó ní ohun kan já nínú òun lọ́jọ́ náà. Ó kígbe. “Ṣé kò sí iná mìíràn ní gbogbo ìlú yìí ni?”

Gbogbo obìnrin inú ilé wo ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà. Mopélọ́lá sáré wá, ó fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu bí ẹni ń bo ẹnu ọmọdé. Ó fà á lọ sí ẹ̀yìn ilé, sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìkòkò òfìfo, ó sì sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ó ní òkè kan wà lẹ́yìn ìlú. Òkúta oníná kan wà nínú rẹ̀ tó mú gbogbo ìlú gbóná fún ogójì ọdún, láìbìkítà fún òjò tàbí ọyẹ́. Nígbà tí ọba yìí jẹ, ó ní kí wọ́n pa á, ó lé gbogbo àwọn tó ń ṣọ́ ọ lọ, ó sì fòfin dè é kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ rẹ̀ mọ́. Obìnrin arúgbó kan ṣoṣo ló kù síbẹ̀, Ẹfúnṣeyè, láti máa ṣọ́ eérú rẹ̀.

Ọdẹ́rìndé kò dúró gbọ́ ìyókù.

Ẹnubodè òkè náà ní ìlẹ̀kùn méje. Níwájú ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbẹ́ orí òkú sára òkúta, kí ojo lè padà sẹ́yìn. Ẹ̀yin ìbá padà. Ọ̀gá mi kò padà. Ní ìlẹ̀kùn keje, ohùn kan ké mọ́ ọn.

“Dúró síbẹ̀, ọdẹ! Má kọjá ilà funfun yẹn!”

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà lókè. Kò gbé e kalẹ̀. Obìnrin arúgbó kan jáde, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúró ṣánṣán, ó ju ẹ̀wù òjé kan tó wúwo bí àgùntàn sí i. Ó ní kó wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ló mú un gba àárín ògiri tó nípọn ju gígùn erin lọ, wọ́n dé etí adágún omi kan. Ọdẹ́rìndé wo ìsàlẹ̀ omi. Òkúta kan tí kò ju orí ewúrẹ́ lọ jókòó síbẹ̀, ó ń tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró, omi náà sì ń hó láìsí igi, láìsí èéfín, láìsí ẹni tó ń fẹ́ iná. Irun orí rẹ̀ dìde. Ó rántí àlọ́ iwin ojú ọ̀nà.

“Arúgbó tí kì í sùn,” ló wí.

“Òun nìyẹn,” ni Ẹfúnṣeyè wí.

Àwọn ọmọ wa tó lọ sí yunifásítì sọ fún mi pé irú òkúta bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì, pé yuréníọ̀mù ni wọ́n ń pè é, pé iná inú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní nukilíà. Èmi kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí ọ̀gá mi rí ni mo ń sọ.

Ó bi Ẹfúnṣeyè léèrè bóyá lóòótọ́ ni òkúta náà ń pa èèyàn.

“Ó ń pa èèyàn,” ni arúgbó náà wí. “Ó pa ọkọ mi. Ẹ̀gbọ́n ọba yìí ni wọ́n fẹ́ fi jọba nígbà náà. Ó fẹ́ ṣe fáàrí fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì kọjá ilà láìwọ ẹ̀wù. Ọkọ mi wọlé lọ fà á yọ. Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n kú, àwọn méjèèjì. Ní ogójì ọdún, àwọn nìkan ló kú. Mo ń sunkún ọkọ mi títí dòní, ọdẹ, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó pa á. Ilà wà nílẹ̀, wọ́n kọjá rẹ̀.”

“Eérú rẹ̀ ńkọ́?”

“Ó wà nínú àpótí òjé lábẹ́ àpáta. Yóò pẹ́ níbẹ̀ ju èmi, ju ọmọ mi, ju ọmọ ọmọ ọmọ mi lọ, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ ni. Mi ò ní purọ́ fún ọ.”

Ọdẹ́rìndé wo omi tó ń hó náà. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e, ó sì yí padà pẹ̀lú ojú rẹ̀ tó là kedere. “Ìyá, wọ́n ní ọba ní kẹ́ ẹ pa á. Kí ló dé tó ṣì ń hó? Ta lẹ ń dáná fún?”

Ẹfúnṣeyè fọ ọwọ́ rẹ̀, ó nù ún. “Mo ti búra fún Kábíyèsí pé ẹnu mi kò ní sọ ọ́,” ló wí. “Wọn kò fi ìka mi búra.” Ó sì na ìka sí páìpù bàbà kan tó jáde lára ògiri, tó wọnú ilẹ̀ lọ.

Ọdẹ́rìndé tẹ̀lé e. Òjò ń rọ̀ lé e lórí bí ẹni ń dà á láti inú agbada, ṣùgbọ́n ojú ibi tí páìpù náà gbà kọjá lábẹ́ ilẹ̀ gbẹ, koríko ibẹ̀ yọ dáadáa, alángbá sì tò lọ lórí rẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n ń yá ooru. Ó ń tẹ̀lé alángbá. Páìpù náà kọjá ilé àwọn aráàlú, kò yà. Ó kọjá ẹ̀yìn Ilé Ìgbóná gan-an, kò ju ogún ẹsẹ̀ lọ sí ibi tí ọmọ Ìbídùn kú sí, kò yà síbẹ̀. Ó lọ tààrà, ó sì wọ abẹ́ ògiri ààfin.

Ọ̀gá mi dúró sínú òjò, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, omi ń wọ ọ́. Ó ní òun kò mọ bí ó ṣe pẹ́ tó. Ó ní òun ti bá ẹkùn wo ojú ara wọn rí, ojora kò mú òun bẹ́ẹ̀.

Ló bá sáré padà. “Ẹ gbé àwọn ọmọ yín,” ló wí fún àwọn obìnrin náà. “Ẹ tẹ̀lé mi.”

Àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ààfin rí obìnrin mọ́kànlá tó ń bọ̀ nínú òjò, ọmọ lé àyà wọn, Mopélọ́lá níwájú, ọdẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọn kò lè gbé ọ̀pá sókè. Wọ́n yà sí ẹ̀gbẹ́. Bí àwọn obìnrin náà ṣe wọ gbàgede, ooru kọ lù wọ́n lójú. Àwọn ìjòyè jókòó yí ọba ká, wọ́n bọ́ agbádá sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara wọn.

Olóyè Láníyọnu dìde. “Kí lèyí? Ta ló ní kẹ́ ẹ wọlé?”

Ọdẹ́rìndé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, ilẹ̀ náà sì gbóná bí ìdí ìkòkò. “Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Àlejò ni mí. Ọ̀rọ̀ kan ló rú mi lójú. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ló ń mú ààfin gbóná?”

“Dígí ààfin dára ju ti ìyókù lọ,” ni Láníyọnu wí kíákíá.

Ọ̀gá mi kò bá a jiyàn. Ó fa ọ̀bẹ ọdẹ yọ, ó ki ẹnu rẹ̀ bọ àárín òkúta méjì lórí ilẹ̀, ó sì hú ọ̀kan sókè. Páìpù bàbà dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń dán, ó ń rú ooru wùsùwùsù sójú gbogbo wọn. Abẹ̀bẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjòyè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́. Ẹnì kan nínú wọn tó ti darúgbó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó tẹ ejò.

Àwọn obìnrin náà kúnlẹ̀, wọ́n tẹ́ ọmọ wọn sílẹ̀ lórí òkúta gbígbóná náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọdẹ́bùnmi tẹ́ Málọmọ́ sílẹ̀. Ìbídùn ló ṣe ìkẹyìn. Ó tẹ́ tirẹ̀ sí àárín wọn, ó fa aṣọ bò ó dáadáa.

Ọba sọ̀ kalẹ̀ lórí ìtẹ́. Ọkùnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀ ni, ojú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ó wò wọ́n títí ó fi kan ti Ìbídùn.

“Èyí ń sùn?”

“Rárá o, Kábíyèsí,” ni Ìbídùn wí. “Òun kò lè dúró de dígí ọgọ́rùn-ún méjì náà.”

Ọba jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, pẹ̀lú adé, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò wo ẹnikẹ́ni. Ó ní ọwọ́ òun ni ẹ̀gbọ́n òun kú sí, ara rẹ̀ ń bó bí èèpo. Ó ní òun búra lọ́jọ́ náà pé òkúta náà kò ní jẹ́ ti ìlú yìí mọ́. Ó ní dígí, oòrùn ni, kò sẹ́ni tí ẹ̀rù oòrùn ń bà, ó ṣe é fi han àlejò, ojú àwọn èèyàn ń dán tí wọ́n bá rí i.

“Ọdún tí mo jẹ, ọyẹ́ kan mú,” ló wí. “Ọyẹ́ náà pọ̀. Mo ní kí wọ́n fi ẹyọ páìpù kan sílẹ̀, fún ọdún kan péré.”

“Ọdún mélòó rèé, Kábíyèsí?” ni Ọdẹ́rìndé béèrè.

“Mọ́kànlá.”

Láti ẹnu ọba fúnra rẹ̀ ni àṣẹ ti jáde lọ́jọ́ náà pé kí wọ́n ya páìpù náà sí Ilé Ìgbóná. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ fún ọjọ́ méjì nínú òjò. Inú iyàrá ọba ni àwọn ọmọ mẹ́wàá náà sùn títí wọ́n fi parí rẹ̀, ọba sì lọ sùn sí ẹnu ọ̀nà. Láti ọjọ́ tí ooru òkè wọ Ilé Ìgbóná, òjò rọ̀, ìkòkò ṣófo, apẹ̀rẹ̀ kò tutù mọ́. Oṣù méjì pé. Málọmọ́ ti wúwo, ó ti ń fa irùngbọ̀n bàbá rẹ̀ àgbà.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ máa bọ̀ wálé bọ́ sí ọjọ́ ọdún dígí. Gbogbo ìlú pé jọ síwájú ààfin, àwọn ọba ìlú mẹ́ta sì wà lórí àga. Olóyè Láníyọnu dìde, ohùn rẹ̀ dùn bí ti àtẹ̀yìnwá. Ó ní kí ìlú bá Kábíyèsí yọ̀. Ó ní òjò tó burú jù lọ láti ogún ọdún rọ̀ lọ́dún yìí, síbẹ̀ dígí Kábíyèsí gba ẹ̀mí ọmọ mẹ́wàá là ní Ilé Ìgbóná. Nítorí náà, ààfin yóò fi dígí ẹgbẹ̀rún kan kún un.

Ọdẹ́rìndé rò pé etí òun ló ń gbọ́ nǹkan mìíràn. Ó wo ojú ọba. Ọba ń wo ilẹ̀. Ó wo àwọn ìjòyè tí abẹ̀bẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn lójú rẹ̀, tí ooru páìpù rú sí wọn nímú. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ó wo àwọn obìnrin tó tẹ́ ọmọ wọn sílẹ̀ lórí òkúta náà. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ìbídùn nìkan ló di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ra. Mopélọ́lá wà níwájú pátápátá, òun ló tilẹ̀ ń pa á kíkankíkan jù, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti pupa.

Ọdẹ́bùnmi sún mọ́ ọn. “Àǹtí, ṣé ẹ ò sí níbẹ̀ ni? Ṣé ẹ ò fojú yín rí i?”

“Mo wà níbẹ̀,” ni Mopélọ́lá wí. Kò dá ọwọ́ dúró, kò sì yí ojú padà. “Ọmọ mẹ́tàlá ló wà nínú apẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Mò ń pàtẹ́wọ́ kí àṣírí òkè má baà tú, kí wọ́n má baà hú páìpù wọn. Ìwọ náà, bá mi pa á.”

Ọdẹ́bùnmi gbé Málọmọ́ lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Ó sì pàtẹ́wọ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀gá mi máa ń dákẹ́ sí ní gbogbo ìgbà tó bá sọ ọ́. Èmi náà ti sọ dé ibi tó sọ ọ́ dé, mi ò sì ní bù kún un. Ẹ bá mi fa ọ̀pá mi, kí n dìde.